Nígbà Tí Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Ké Lẹ́yìn Rumuola

Lánàá tí ẹ fi ọkọ̀ gbé mi kọjá lọ́nà yẹn, tí mo ní kí ẹ dúró, ẹ rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wojú ara yín. Ẹ̀yin ọmọ Dúpẹ́, kì í ṣe ìtọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti tẹ́tí ni. Ibi tí ẹ ti rí ilé epo yẹn, àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ onígíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni èmi àti ìyá àgbà yín ti sin ẹlẹ́dẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà náà, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹni tó ń rìn lójú títì á máa gbọ́ igbe wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ebi ń pa kì í ké bí ewúrẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ilé tó ń jó ló ń ké. Àwọn àlejò á dúró, wọn á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín. Lánàá, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá nìkan ni mo gbọ́.

Èyí àbúrò nínú yín bi mí nínú ọkọ̀ pé, "Grandpa, so na pig you dey sell before?" ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò bínú. Ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín tán lónìí, nítorí ìyá yín gan-an kò mọ gbogbo rẹ̀.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni mo fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní èbúté Port Harcourt níbí. Àwọn ará ìwọ̀ oòrùn tí a jọ ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gba ìwé ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń kó ẹrù padà sílé, ẹni yìí sí Abẹ́òkúta, ẹni tọ̀hún sí Òndó. Ìjẹ̀ṣà ni tèmi, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ti wó, àwọn tí a jọ ṣe kékeré ti kú tàbí kí wọ́n ti gbàgbé ojú mi. Ilé tí mo kọ́ sí Rumuola yìí nìkan ni mo ní. Mo dúró. Láàárọ̀, mo máa ń jí ní agogo márùn-ún, mo máa ń fá irùngbọ̀n, mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà n kò mọ ibi tí mo ń lọ.

Chíńdà ló yọ mí nínú rẹ̀. Ọmọ Ikwerre ni, awakọ̀ ọ́fíìsì wa tẹ́lẹ̀, ènìyàn gíga tó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń sún mọ́ ọn. Ọ̀gá Wọ́ọ̀fù ló máa ń pè mí, nítorí èbúté tí mo ti ṣiṣẹ́. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi lórí àga níwájú ilé, ó wò mí títí, ó ní, "Oga Wharf, person wey retire come sit down, na die e dey wait." Ó ní bàbá òun fi ilẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, kí n wá kọ́ ilé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ilẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún àwọn mẹ́rin mìíràn, tí a fi di ẹni mẹ́fà, tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa sì tò ní ìlà kan gbọọrọ títí dé ẹsẹ̀ odò.

Ìyá àgbà yín ni mo rò pé yóò kọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ni kí ó tó fẹ́ mi, ó sì ti bá mi ṣe sọ́ọ̀ṣì fún ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò kan ẹnu rẹ̀ títí ó fi kú. Mo sọ fún un. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, jíjẹ ni wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́. Wọn ò ní kí n má fún un lóúnjẹ." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò sí ẹni tó mọ ẹlẹ́dẹ̀ tó o ní ìlà wa yẹn.

Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó ní òun ń ṣoge. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sin ẹlẹ́dẹ̀ rí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí àwa. Bí oòrùn Port Harcourt bá mú un tí kò rí omi tutù yí sí, kíkú ló ń kú. Nítorí náà la ṣe máa ń kọ́ ilé rẹ̀ ní ìdábùú, kí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má wọlé tààrà, kí ògiri má ga kọjá àyà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Bí ẹ bá sì fún un láàyè, ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Igun kan ṣoṣo ni yóò máa yàgbẹ́ sí, yóò sì sùn sí igun kejì. Àwọn kan tí mo bá gbé ilé kan náà nígbà tí mo wà ní àpọ́n kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ oúnjẹ ló tóbi jù. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: èèpo rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí. A máa ń sá a sóòrùn dáadáa, nítorí tútù rẹ̀ lè pa ẹran. A ń ra ìyókù èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, a ń ra èérí àgbàdo. Èyí tó wá ń mú kí wọ́n sanra ni èyí tí Màmá Tóńyè ń gbé wá.

Opó ni Màmá Tóńyè, ọmọ Okrika, obìnrin kúkúrú tó máa ń wé gèlè pupa sórí fìlà tó fi ń bo irun. Ó máa ń yípo gbogbo ilé oúnjẹ ní Mile 3, yóò gba àjẹkù ẹ̀bà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì tó jóná, yóò kó wọn sínú àgbá, yóò tì wọ́n lórí ọmọlanke wá. Ó tún máa ń kó ẹ̀gbin edé àti orí ẹja bọ̀ láti Okrika. Kò ní gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdáná kan lẹ́bàá odò, ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù ló fi ń ṣe ìkòkò, yóò se gbogbo rẹ̀ títí yóò fi hó dáadáa. Mo ti bá a jókòó sídìí iná yẹn láìmọye ìgbà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ọmọlanke rẹ̀ kan máa ń ké bí eku, bí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bá sì ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ògiri, wọn á bẹ̀rẹ̀ igbe. Màmá Tóńyè á máa dá wọn lóhùn pé, "I don come, I don come, una no go kill me."

Ní ti bíbí, ìyá àgbà yín ni olùkọ́ mi. Bí abo bá ń fẹ́ akọ, yóò kọ oúnjẹ, yóò máa rìn káàkiri. Ìyá àgbà yín á wọlé tọ̀ ọ́, á tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ó bá sá, kò tíì tó. Bí ó bá dúró gbọin-gbọin bí àpótí, a jẹ́ pé àkókò ti tó, kí a lọ mú akọ. Akọ yẹn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Èmi àti Chíńdà la máa ń yá ara wa lákọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà pàdé. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni oyún ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá bímọ tán, ojú ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ, nítorí ìyá lè dùbúlẹ̀ lé àwọn ọmọ lórí kó má mọ̀. A máa ń fi igi dábùú igun kan tí ọmọ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, tí ìyá kò lè dé. Ìyá àgbà yín a máa bu erùpẹ̀ pupa sí igun náà, tí wọn á máa tú u jẹ. Mo ní kí ló dé? Ó ní ọmọ tí a bí sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀jẹ̀ kì í tó nínú rẹ̀, inú ilẹ̀ ni ohun tó ń wá wà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni dókítà ẹran sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wa, tó wá ń fún wọn lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré tó bá gbẹ̀yìn bíbí, tí kì í rí ọyàn mu, ìyá àgbà yín a gbé e wálé nínú páálí, a fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, a máa fi ṣíbí fún un ní mílíìkì. Orúkọ ló ń sọ wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ Àníkẹ́. Àníkẹ́ yẹn bí ọmọ mẹ́tàlá lẹ́ẹ̀kan.

Àníkẹ́ náà ló kó ìtìjú bá wa. A ń gbé e lọ fún akọ ní ibòmíràn lọ́sàn-án Sátidé kan, okùn tú lẹ́yìn ọkọ̀ nítòsí oríta Rumuola, ó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ dúró, àwọn ènìyàn ń sá, Chíńdà ń lé e, èmi ń lé Chíńdà. Ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ yìí máa wọ̀, ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀ṣì wa ni, níbi tí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin ọjọ́ Ìsinmi. Ó rìn gba àárín àga lọ tààrà bí ìyàwó tuntun, ó sì dúró síwájú ẹni tó ń darí orin. Ìyá àgbà yín wà láàárín àwọn ohùn òkè. Ó gbé ìwé orin sílẹ̀, ó ní, "Àníkẹ́, ta ló mú ẹ wá?" ó mú un létí, ó sì fà á jáde. Fún ọdún kan gbáko, àwọn ará sọ́ọ̀ṣì ò pè mí lórúkọ mìíràn ju Bàbá Àníkẹ́ lọ.

Ọjà kì í nira nígbà náà. Kérésìmesì, Àjíǹde, àti ìsìnkú ni tiwa. Àwọn ará Okrika a wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú òkú àgbà, wọn a yan èyí tó wù wọ́n. A máa ń fi okùn wọn àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú kí a tó dá iye, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ olórí ńlá lè tan ojú jẹ. Àwọn alásè Mile 3 ń mú ọ̀kan lọ́sẹ̀. Lónìí mo gbọ́ pé ẹ lè tẹ fóònù kí ẹran tí wọ́n ti gé dé ẹnu ọ̀nà nínú yìnyín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹni tó ra ẹran mọ ẹni tó sìn ín, ní ọ̀sán tí a bá sì ta ọ̀kan, Chíńdà a gbé ìjókòó gbọọrọ kan síta, a pè wá, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a jókòó, Màmá Tóńyè a jẹ́ ìkeje. A ò ṣe nǹkan kan ju pé a jọ wà níbẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan lèyí.

Ọdún karùn-ún ni ó ṣẹlẹ̀.

Ibà kan wà tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe gbé ọpọ́n omi apakòkòrò sí ẹnu ọ̀nà ìlà wa, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ti bàtà bọ̀ ọ́. Èmi gan-an ni mo mú àbá yẹn wá. Èmi ni mo kọ ọ́ sára pákó. Ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní apá kejì ìlú ránṣẹ́ sí mi pé tòun ò jẹun mọ́. Mo ti ń rí ara mi bí ọ̀mọ̀ràn nígbà náà, mo lọ. Mo wọ inú ilé náà pẹ̀lú bàtà rọ́bà mi, mo fọwọ́ kan etí wọn, ó gbóná, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí ó pe dókítà ẹran, mo sì padà.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ ni Chíńdà ti pàdé mi lójú títì, òógùn bò ó. Abo rẹ̀ tó dára jù ń rọbí, ọmọ kan dábùú, ìyá àgbà yín kò sí nílé. "Oga Wharf, abeg, run." Mo sáré. Mo fo ọpọ́n yẹn kọjá. Mo rí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí omi náà, mo sì rò pé bí mo bá yọ ọmọ náà tán, màá padà wá fọ bàtà. Mo wọlé, mo na ọwọ́, mo yọ ọmọ náà láàyè. Chíńdà dì mọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹjọ, abo yẹn kò dìde. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń kó ara wọn jọ sí igun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kò gbé wọn, etí àti ikùn wọn di àwọ̀ elésè àlùkò. Láti ilé Chíńdà ló ti lọ sí tàwọn ìyókù. Tèmi ló mú kẹ́yìn.

Dókítà ẹran tí ìjọba rán wá kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó béèrè pé ta ló ti ọgbà mìíràn wọ ibí. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún ní àjẹkù oúnjẹ ènìyàn tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tí wọn kò bá sè é jinná, lè gbé e wá. Gbogbo ojú yí sí Màmá Tóńyè. Ọmọlanke rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní òun ń sè é. Wọ́n ní irọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi bà lé mi. Ó ní, "Oga Wharf, you dey siddon with me for that fire. You sabi say I dey boil am. Tell them now."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi kò tiẹ̀ dákẹ́. Ìbá sàn. Mo ní, "Madam, I no dey there every day."

Gbólóhùn yẹn kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni pé n kò sí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Chíńdà, tí n kò rí i kó bínú rí, ta ọmọlanke yẹn ní ìpá. Àgbá méjèèjì dànù. Wọ́n ní kí ó máa lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ náà mọ́. Ó fọwọ́ gbé àgbá tó ṣófo, ó tò wọ́n padà, ó sì ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Kòtò la gbẹ́. A sun wọ́n, a da ẹfun lé wọn, a bò wọ́n. Ìyá àgbà yín dúró sétí kòtò náà, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Àníkẹ́. Nígbà tí a délé, mo bọ́ bàtà rọ́bà náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo ní, "Lọ́la."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Chíńdà wá sí ilé yìí. Ó gbé páálí kan, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, akọ àti abo. Àwọn tó kọ́kọ́ rà ni, kó tó ra tirẹ̀. Ó ní, "Make we start again." Mo gbà á. A tún bẹ̀rẹ̀, ọgbà tún kún, ariwo tún padà ní aago mẹ́rin. Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá gbé ìjókòó síta, mo máa ń sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí ó bá fi oúnjẹ ránṣẹ́, n kò ní jẹ ẹ́. Inúure rẹ̀ ń ta mí bí ẹ̀gún. Ó rò pé àgbà ló ń dé sí mi. Báyìí ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, ọdún méje gbáko, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú ìyá àgbà yín. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọ̀sán kan tí oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ ti lọ?" N kò béèrè ibi tó ń sọ. Mo ní, "Mo ti lọ." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló kú.

Ẹ má sunkún. Ó ti pẹ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín tí gbogbo èrò túká, mo lọ bá Chíńdà. Ó ń fọ ilẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọkùnrin apá kejì ìlú, bàtà, ọpọ́n tí mo fò. Mo rò pé ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni yóò dùn ún. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ kú, a ra òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "But you stand there, you look me as I kick that woman load." Ó ní mo jẹ́ kí òun di ìkà ènìyàn lórí ilẹ̀ bàbá òun. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo dúró títí, kò gbójú sókè.

Mo lọ sí Okrika. Mo béèrè Màmá Tóńyè títí wọ́n fi mú mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ létí omi, ó ń yan ẹja lórí iná. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó yí ẹja kan, ó yí èkejì. Ó ní òun mọ̀ láti ọjọ́ náà pé kì í ṣe oúnjẹ òun. Kò sí ilé oúnjẹ kan ní Mile 3 tó tún fún òun ní àjẹkù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kárí. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá béèrè pé ṣé mo ti sọ fún Chíńdà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Then why you come alone?"

Mo wọ ọkọ̀ padà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọlanke. Tuntun ni, kò ké bí eku mọ́. Chíńdà ló ń bá a tì í. Ó ti lọ bá a ní Okrika láìsọ fún mi. Ohun tí wọ́n sọ síra wọn, n kò mọ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ìjókòó tún jáde, àwọn ìyókù sì jókòó. Wọ́n kí mi, mo kí wọn. Ẹnì kan kò lé mi. Ẹnì kan kò sì sún kí n jókòó. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí a ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́ta nìyẹn, èmi níbi tèmi, àwọn níbi tiwọn, ògiri tó dé àyà láàárín wa.

Ìlú wá ń bọ̀. Ilé tuntun tò yí wa ká, àwọn olówó inú wọn ní òórùn ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ẹbí Chíńdà ta ilẹ̀ náà. A ta gbogbo ẹran láàárín oṣù kan, kò sí ìdágbére kankan, oníkálùkù kó páànù òrùlé rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń jí ní agogo márùn-ún, mo máa ń fá irùngbọ̀n. Ìyá yín wà ní Èkó, ẹ̀yin wà ní ilé ẹ̀kọ́. Èédú dúdú inú èéfín àwọn tó ń se epo rọ̀bì, tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ni mò ń nù lára fèrèsé.

Nígbà tí Chíńdà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí mi bí wọ́n ṣe kọ sí gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo lọ. Èrò pọ̀ bí omi. Mo wá àga kan lẹ́yìn pátápátá lábẹ́ tẹ́ǹtì, mo jókòó sí i, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti ń múra láti dìde nígbà tí mo rí Màmá Tóńyè tó ń bọ̀ láàárín àwọn àga, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, àwo lọ́wọ́ kejì. Mo rò pé ó fẹ́ kọjá ni. Ó jókòó sórí àga tó ṣófo yẹn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹsẹ̀ àga mi, ó mí díẹ̀.

Ó ní, "Who dey cook for you now?"

Mo ní kò sí ẹnì kankan.

Ó gbé àwo náà sórí itan rẹ̀, ó fi ṣíbí pín ìrẹsì sí méjì, ó pín ẹran sí méjì, ó sì ti àwo náà sí àárín wa.